Jíìpù Bàbá Ọmọ Mẹ́ta: méjì wo ni kó kọ́kọ́ ṣe?

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta (Ìgbógbó, Ìkòròdú)
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ti ra jíìpù tí mo ti ń lé láti ọdún kẹta: Toyota 4Runner 2004, tòkúnbọ̀, V6. Èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ wa mẹ́ta, ọmọ ọdún 11, 8 àti 4, la fẹ́ máa fi rìnrìn àjò nígbà ọlidé. Ní Oṣù Kẹjọ tó ń bọ̀, a máa gba Ìtóìkín já sí Ẹ̀pẹ́, ká sùn mọ́jú létí òkun lápá Ìbẹ́jú. Tó bá dùn mọ́ wa, a óò lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà àti Ìkógòsì nígbà Kérésì. Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ ṣe sí i. Mo fẹ́ gbé e sókè ní íǹṣì mẹ́ta. Mo fẹ́ fi táyà ńlá sí i, 285/70R17. Mo fẹ́ kí wẹ́dà rọ irin ẹrù sórí òrùlé rẹ̀, ká gbé àgọ́ tí wọ́n ń sùn sí kà á. Mo sì fẹ́ bátìrì kejì pẹ̀lú fíríìjì kékeré. Owó ọwọ́ mi ò lè ṣe ju méjì lọ lọ́dún yìí. Méjì wo ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni kó dá mi lóhùn.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́
Ẹ kú oríire o! Ọkọ̀ ayọ̀ ni yóò jẹ́, ẹ ò ní fi gbé ẹkún. Tẹ́ ẹ bá dé Ẹ̀pẹ́, ẹ yà sọ́jà ẹja Olúwo. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ dé o. Tóòrùn bá ti mú, ẹja tó dára ti lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́
Ẹ ní ẹ fẹ́ sùn LÓRÍ ọkọ̀? Lórí òrùlé rẹ̀ gan-an?

Àbíkẹ́ Oníṣòwò
@Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́ Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́
Tí ìtọ̀ bá gbọ̀n wọ́n lóru ńkọ́? Ṣé inú òkùnkùn ni wọ́n á ti máa fẹsẹ̀ wá àkàbà?

Bàbá Alhaji
Ẹ ta ọkọ̀ yẹn, kẹ́ ẹ fi ra ilẹ̀. Ilẹ̀ ṣì wà ní Ìmọ́tà. Ilẹ̀ kì í mu epo.

Mẹkáníìkì Ṣábọ̀
Bàbá Ọmọ Mẹ́ta, ẹ kú oríire. Mo ti tú irú ọkọ̀ yẹn palẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Kẹ́ ẹ tó dé orí ohun mẹ́rin tẹ́ ẹ kà sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọjú wo abẹ́ ọkọ̀ náà. Kì í ṣe gbogbo 4Runner tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé ló ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń tì wọ́n. Ẹ wò ó bóyá ọ̀pá ṣáàfù kan ti inú gíà wá síwájú, bí irú èyí tó lọ sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ má fi ọmọ wọ yanrìn o. Ẹ wá rántí pé ọkọ̀ náà ti lé lógún ọdún. Rọ́bà abẹ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, ṣọ́ọ̀kì, họ́ọ̀sì bíréèkì, ẹ pààrọ̀ èyí tó bá ti gbó nínú wọn ná. Ọkọ̀ tí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ti jẹ, tẹ́ ẹ bá gbé e sókè, àìsàn rẹ̀ lẹ gbé sókè.

Ẹ sì wo ọjọ́ orí táyà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ báyìí. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára táyà, ní ìparí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT. Tí wọ́n bá kọ 2314, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é nìyẹn. Bó ti wù kó máa dán tó lójú ẹni tó ń tà á, ó ti gbó.

Rìwáyà Ògìjó
Bátìrì kejì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so bátìrì méjèèjì pọ̀ lásán. Ohun kan gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn tí yóò máa já wọn kúrò lára ara wọn tí ẹ́ńjìn bá ti kú, kí fíríìjì má lọ fa èyí tó ń ta ọkọ̀ gbẹ. Ẹ jí láàárọ̀ létí òkun, ọkọ̀ ò ta, ta lẹ fẹ́ pè? Fiyúùsì sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì gan-an, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì. Wáyà tó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ sẹ́yìn láìsí fiyúùsì níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, tí irin bá gé e lára, iná ni. Mo ti rí èyí tó jó bẹ́ẹ̀ rí, ìjókòó ọmọ wà nínú ẹ̀.

Àbíkẹ́ Oníṣòwò
Ẹ ra kúlà, kẹ́ ẹ kó yìnyín sí i. Kí lẹ fẹ́ fi bátìrì méjì ṣe nítorí omi tútù?

Rìwáyà Ògìjó
Kúlà kì í ṣe fíríìjì.

Àbíkẹ́ Oníṣòwò
Ẹja tí wọ́n máa rà lọ́wọ́ Ìyá Ẹlẹ́ja ò mọ ìyàtọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́
Yìnyín ni gbogbo wa ń lò o, ọmọ mi. Ẹ má da omi rẹ̀ nù ní kíákíá, tí ẹ bá pa kúlà dé, kẹ́ ẹ má máa ṣí i ṣáá. Ọmọdé ló ń jẹ́ kí yìnyín tètè yọ́.

Awakọ̀ Ẹ̀pẹ́
Gbogbo yín ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bátìrì àti kúlà. Ṣé kò sẹ́ni tó rí "etí òkun" nínú ohun tí bàbá kọ ni? Ọdún 16 ni mo ti ń fi jíìpù gbé èèyàn lọ síbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó wọ yanrìn, ẹ pọ́ǹpù táyà yín dáadáa, ó kéré tán kí géèjì afẹ́fẹ́ kọ 40 (PSI), kó le. Táyà tó bá rọ̀ á rì.

Mẹkáníìkì Ṣábọ̀
@Awakọ̀ Ẹ̀pẹ́ Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Òdìkejì rẹ̀ ni. Ẹ yọ afẹ́fẹ́ kúrò títí yóò fi ku 18 tàbí 20. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá dín á tẹ́, ibi tó fi kan ilẹ̀ á gùn sí i, ìwúwo ọkọ̀ ò ní dúró sójú kan. Ẹ wo ẹni tó wọ bàtà gogoro wọ yanrìn, kẹ́ ẹ wo ẹni tó bọ́ bàtà. Ẹ má sáré, ẹ má sì ṣẹ́ kọ́nà lójijì, kí táyà má bàa yọ lára ríìmù. Tẹ́ ẹ bá ti padà sórí ọ̀dà, ẹ dá afẹ́fẹ́ padà sí iye tí wọ́n kọ sára fírémù ilẹ̀kùn awakọ̀, torí táyà tó rọ̀ lórí ọ̀dà máa ń gbóná títí yóò fi bẹ́. Nítorí ìyẹn, pọ́ǹpù kékeré tó ń lo iná ọkọ̀ ṣe pàtàkì ju àgọ́ lọ.

Awakọ̀ Ẹ̀pẹ́
@Mẹkáníìkì Ṣábọ̀ Ṣọ́ọ̀bù tó ò kúrò nínú ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ lo ti fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ létí òkun? Yanrìn tí ìwọ mọ̀ ni èyí tí bíríkìlà fi ń po sìmẹ́ńtì.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́
Ọ̀rọ̀ ti dé!

Tíṣà Agbówà
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi lórí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé àwọn ọmọ lọ. Ẹ fẹ́ kọjá lápá Ẹ̀pẹ́, ẹ ò sì dárúkọ Erédò Sùngbó. Odi amọ̀ àti kòtò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, gígùn rẹ̀ tó 160 kìlómítà, ibòmíì wà tí láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí odi tó mítà 20. Ọmọ ọdún 11 tó bá dúró nínú kòtò yẹn tó gbójú sókè, kò ní gbàgbé títí ayé. Kò sì gba táyà ńlá. Bàtà tó dáa àti ẹni tó mọ ọ̀nà ló gbà.

Bàbá Alhaji
Erédò náà, ilẹ̀ ni. Ẹ RA ILẸ̀.

Mẹkáníìkì Ṣábọ̀
@Awakọ̀ Ẹ̀pẹ́ Mo fi "ẹ̀gbọ́n" pè yín, ẹ sì bú mi. Ó dáa. Ṣé ẹ rántí jíìpù funfun kan tó rì dé ikùn lápá Elékò, ọ̀sẹ̀ kejì ọdún tuntun? Táyà rẹ̀ le bí òkúta. Ta ló wá fà á jáde? Ta ló bẹ̀rẹ̀ tó ń yọ afẹ́fẹ́ táyà náà lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó mira?

Àbíkẹ́ Oníṣòwò
Háà. Ẹ ti mọra tẹ́lẹ̀?

Awakọ̀ Ẹ̀pẹ́
Ọkọ̀ mi ò rì. Ó dúró ni. Okùn ló fà á jáde, kì í ṣe afẹ́fẹ́ tó o yọ. Tí okùn ò bá sí níbẹ̀, ṣé afẹ́fẹ́ ni ì bá fà á?

Mẹkáníìkì Ṣábọ̀
O ṣeun tó o dárúkọ okùn. Okùn tèmi ni. Láti Oṣù Kìíní ni mo ti ń retí ẹ̀.

Awakọ̀ Ẹ̀pẹ́
Ìgbà wo ni mo di "o" lẹ́nu rẹ?

Mẹkáníìkì Ṣábọ̀
Láti ìgbà tí ọkọ̀ rẹ ti "dúró".

Injinía Odógunyàn
Mo fẹ́ fi ìṣirò díẹ̀ kún un, torí kò sẹ́ni tó tíì dá bàbá yìí lóhùn lórí táyà. Tó bá jẹ́ 265/65R17 ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀, gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 30.6. 285/70R17 jẹ́ 32.7. Tí táyà ńlá bá yí lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà tó jẹ ju ti àkọ́kọ́ lọ, mítà iwájú awakọ̀ ò sì mọ̀. Tí mítà bá kọ 100 fún yín, 107 lẹ ń sá. Bíréèkì kan náà ni yóò dá a dúró o. Ìyẹn táyà nìkan.

Ẹ wá sórí òrùlé. Àgọ́ orí ọkọ̀ sábà máa ń wọ̀n tó 50 sí 70 kílò. Irin tí wẹ́dà wa máa ń fi páìpù rọ máa ń wúwo ju aluminíọ́mù ilé iṣẹ́ lọ. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá sọ iye ẹrù tí òrùlé lè gbé nígbà tó bá ń rìn, iye náà kì í pọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, òrùlé lè gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, torí náà sísùn síbẹ̀ kọ́ ni wàhálà. Kọ́nà ni wàhálà. Ẹ gbé ọkọ̀ sókè íǹṣì mẹ́ta, ẹ gbé ọgọ́rùn-ún kílò lé orí rẹ̀, ẹ wá fẹ́ yẹ kòtò lójijì pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn. Ọkọ̀ gíga máa ń dojú dé, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹ ò sì ro èyí tó kéré jù: àgọ́ tó wọ́pọ̀, èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ló ń gbà. Ẹ̀yin márùn-ún ni.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́
Àwọn méjì tó kù á máa sùn sí búùtù bí ẹrù?

Àbíkẹ́ Oníṣòwò
Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà ní Àgbádárìgì, 1845 ni wọ́n kọ́ ọ parí. Ti Bàbá Ọmọ Mẹ́ta ló máa jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ tó ní táyà.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́
Onílé á wà lókè, ayálégbé á wà nísàlẹ̀!

Ọmọ Ajárá
Ẹ ṣé tẹ́ ẹ dárúkọ Àgbádárìgì. Ẹ gbé àwọn ọmọ wá sọ́dọ̀ wa. Wọ́n á wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú, wọ́n á rìn gba ọ̀nà tí wọ́n gbà kó àwọn ẹrú lọ sétí òkun. Kò sí ohun tí jíìpù fẹ́ ṣe níbẹ̀, ẹ̀bá ọ̀sà lẹ máa gbé e sí.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ẹ̀yin Ọmọ Ajárá, a máa wá, lágbára Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mi ni pé, nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, méjì wo?

Awakọ̀ Ẹ̀pẹ́
@Mẹkáníìkì Ṣábọ̀ Mo fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́. Okùn tó ò ń pariwo lé yẹn, díẹ̀ báyìí ló kù kó pa mí. Ó ta jáde, ó sì fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn mi. Ta ló san owó gíláàsì?

Ọmọ Bàyẹ̀kú
Ẹ dúró ná. Ibo lẹ so ó mọ́?

Awakọ̀ Ẹ̀pẹ́
Mọ́ bọ́ọ̀lù irin ẹ̀yìn ọkọ̀, èyí tí wọ́n fi ń fa tírélà. Ibo ni wọ́n tún ń so ó mọ́?

Ọmọ Bàyẹ̀kú
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé yín. Wọn ò ṣe bọ́ọ̀lù yẹn fún kí ọkọ̀ tó rì máa fà á lójijì. Tó bá ya, òun àti okùn á jọ fò bí ọta ìbọn, ó sì ti pa èèyàn lókè òkun. Ojú irin tó nípọn tí wọ́n fi bóòtì de mọ́ ṣáàsì gan-an lẹ máa so ó mọ́. Ẹ da aṣọ tó wúwo tàbí àpò yanrìn bo àárín okùn kẹ́ ẹ tó fà á, kó lè wálẹ̀ tó bá já. Kí gbogbo ọmọ kúrò nítòsí, kí wọ́n jìnnà ju gígùn okùn lọ. Bàbá Ọmọ Mẹ́ta, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ra nìyí: okùn ìfàkọ̀ gidi, ṣọ́bìrì, àti pákó fẹ̀ǹfẹ̀ méjì tẹ́ ẹ máa ki sábẹ́ táyà. Owó wọn ò ní pọ̀ tó ti àwọn táyà ńlá yẹn.

Mẹkáníìkì Ṣábọ̀
@Ọmọ Bàyẹ̀kú Mo sọ fún un lọ́jọ́ náà! Mo ní "ẹ má so ó mọ́bẹ̀". Ó ní òun ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí mi.

Awakọ̀ Ẹ̀pẹ́
Òótọ́ kọ́? Ọdún wo ni wọ́n bí ẹ?

Mẹkáníìkì Ṣábọ̀
Wọ́n ti gbé mi pọ̀n wo FESTAC ní 1977.

Awakọ̀ Ẹ̀pẹ́
Ọmọ ọwọ́! Lọ́jọ́ tí Nàìjíríà kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún lójú títì, ní 1972, mo jókòó ti bàbá mi níwájú bọ́lẹkájà. Mo ti gbọ́n dáadáa. Mo rántí bí ẹ̀rù ṣe ń ba àwọn èrò.

Tíṣà Agbówà
Ọjọ́ kejì Oṣù Kẹrin 1972 ni. Ọjọ́ Àìkú ni.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́
Ọjọ́ Àjíǹde ni! Mo rántí. A ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, wọ́n ní ká má sọdá àfi tá a bá wo ọ̀tún wo òsì lẹ́ẹ̀mẹta. Màmá mi di ọwọ́ mi mú débi pé ọwọ́ mi pọ́n.

Ọmọ Ajárá
Nígbà yẹn, àwọn ará Kútọnú tó wà lódì kejì bodè wa ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún tẹ́lẹ̀. Bàbá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá dé Ṣẹ̀mẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń pààrọ̀ ọwọ́.

Àbíkẹ́ Oníṣòwò
Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ̀yin náà ti dàgbà o! Ẹ kú ewu ọdún.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta
Mo dùbúlẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ náà lónìí bí Mẹkáníìkì ṣe ní kí n ṣe. Ọ̀pá kan lọ sẹ́yìn, òmíràn wá síwájú. Ṣé òun nìyẹn?

Injinía Odógunyàn
@Bàbá Ọmọ Mẹ́ta Òun ni. Ẹ dúpẹ́.

Awakọ̀ Ẹ̀pẹ́
Torí náà, ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí, Mẹkáníìkì. Tọrọ àforíjì.

Mẹkáníìkì Ṣábọ̀
Ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́ nípa ọjọ́ orí, mi ò jiyàn. Ẹ má bínú pé mo pè yín ní "o". Nípa afẹ́fẹ́ táyà, 18 ni. Ẹ dá okùn mi padà.

Awakọ̀ Ẹ̀pẹ́
40.

Ìyá Ìbejì Ìpàkodò
Mo ka ọ̀rọ̀ yìí látòkè dé ilẹ̀, àyà mi ń já. Bàbá Ọmọ Mẹ́ta, ọmọ ọdún mẹ́rin lẹ fẹ́ gbé sùn sórí òrùlé ọkọ̀? Àwọn tèmi ò ju ọdún márùn-ún lọ, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń já bọ́ lóru. Ẹ ra àgọ́ ilẹ̀ tó fẹ̀, tó ní nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó dí dáadáa, kẹ́ ẹ jọ sùn síbẹ̀. Tí òjò bá dé tẹ́ ẹ sì sá wọnú ọkọ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má tan ẹ́ńjìn sílẹ̀ sùn nítorí AC. Èéfín tó ń jáde láti ọkọ̀ kò yàtọ̀ sí ti jẹnẹrétọ̀ tó ń pa odindi ìdílé sínú yàrá. Kò ní òórùn tó máa jí yín. Kẹ́gì epo náà, ẹ má gbé e sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ.

Ohun kejì, òkun tó wà lápá yẹn kì í ṣe omi ìwẹ̀. Ó máa ń fa ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Ẹ máa di ọmọ mú.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́
Ìyá Ìbejì, ẹ̀fọn etí òkun ò mọ nẹ́ẹ̀tì. Ìdílé tiwọn náà wà lórí ọlidé.

Rìwáyà Ògìjó
Mo tún un sọ: bátìrì kejì. Fáànù kékeré tó ń lo iná bátìrì ọkọ̀ (12V) lè ṣiṣẹ́ mọ́jú nínú àgọ́ láìtan ẹ́ńjìn. Ìdáhùn ohun tí Ìyá Ìbejì ń bẹ̀rù nìyẹn.

Àbíkẹ́ Oníṣòwò
Fáànù alágbèéká tó ń gba ṣájì wà lọ́jà Ṣábọ̀.

Rìwáyà Ògìjó
Fáànù alágbèéká kì í ṣe bátìrì kejì.

Bàbá Alhaji
LÁTI ÀÁRỌ̀ NI MO TI Ń SỌ Ọ́. ẸNÌ KAN Ò DÁHÙN. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní Oṣù Karùn-ún 2023, mo ti gbé jíìpù tèmi kalẹ̀, mo fi kòròpe ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Táǹkì 4Runner yẹn ń gba 87 lítà. Ẹ lọ ṣe ìṣirò rẹ̀ ní ilé epo. ILẸ̀! Ẹ RA ILẸ̀, KẸ́ Ẹ GBIN ÀGBỌN SÍ I, KẸ́ Ẹ TẸ́ ÀGỌ́ SÁBẸ́ ÀGBỌN NÁÀ!

Injinía Odógunyàn
Bàbá Alhaji, ẹ má bínú, a gbọ́ yín. Àgbọn máa ń já luni lórí.

Bàbá Alhaji
Ẹ gbin ọsàn.

Ọmọ Bàyẹ̀kú
Ẹ rántí fọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú omi tí kò níyọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé. Iyọ̀ òkun máa ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tó ti rí yìnyín àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́ ní òkè òkun á tètè jẹ. Tí ẹ bá sì kun ọkọ̀ náà ní àwọ̀ mìíràn bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe irú èyí ṣe máa ń ṣe, ẹ yí àwọ̀ inú ìwé ọkọ̀ padà kẹ́ ẹ tó gbé e sójú títì.

Awakọ̀ Ẹ̀pẹ́
Okùn náà kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tán. Mo fún ẹnì kan lọ́jà.

Mẹkáníìkì Ṣábọ̀
Ẹ fi okùn mi tọrẹ?

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́
Ẹ dákun, ṣé okùn aláwọ̀ ewé tó gùn, tó fẹ̀ bí ìgbànú yẹn?

Mẹkáníìkì Ṣábọ̀
Òun gan-an ni, màmá. Irin wà ní etí rẹ̀ méjèèjì.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́
Yéè, ó wà lọ́dọ̀ mi! Òun ni mo fi ń di kúlà mi mọ́ orí ọkọ̀ nígbàkigbà tí mo bá ń gbẹ́ja wá sí Ìkòròdú. Ó lágbára gan-an ni. Mi ò mọ̀ pé ẹrù oníṣẹ́ ọwọ́ ni.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́
Mo ní kí n sùn, ẹ ò jẹ́.

Mẹkáníìkì Ṣábọ̀
Màmá, ẹ má gé e o. Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé wá gbà á. Màá mú èyí tó tinrín wá fún yín, yóò dára fún kúlà jù ú lọ.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́
Mo ti gé díẹ̀ níbẹ̀, ọmọ mi. Má bínú. Wá jẹ ọbẹ̀ ẹja.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta
Mẹkáníìkì, Sátidé tẹ́ ẹ ń lọ yìí, ṣé mo lè tẹ̀lé yín pẹ̀lú ọkọ̀ tèmi? Mi ò tíì ṣe nǹkan kan sí i. Màá gbé ìyàwó àtàwọn ọmọ dání. Àkọ́bí mi ti ń ka ọjọ́.

Mẹkáníìkì Ṣábọ̀
Ẹ jẹ́ ká pàdé ní ṣọ́ọ̀bù aago mẹ́fà àárọ̀. Màá wo rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ká tó gbéra. Ẹ má gbé ohunkóhun lé òrùlé. Tá a bá dé ibi tí yanrìn ti bẹ̀rẹ̀, a máa yọ afẹ́fẹ́ táyà yín kù sí 18.

Awakọ̀ Ẹ̀pẹ́
Èmi náà á wà níbẹ̀. 40.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó tíì dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ àkàbà.